Bí Ọdẹ́rìnlọ Ṣe Sun Ìrèmọ̀jé Ara Rẹ̀ Kí Ó Tó Dé Ìlú Ojú-Abẹ́rẹ́

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó bá ní iṣu lórí iná lọ gbé e sọ̀ kí ó tó jókòó, nítorí ìtàn tèmi kì í dúró de ẹni tó lọ wo ìkòkò. Kí ẹni tí ẹmu wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé e sí ibi tí ọwọ́ mi yóò ti tó o. Èmi Ọdẹ́yẹmí tí ẹ ń wò yìí, ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún ni mo pa láyé mi, ẹ̀kẹtàdínlógún sì kú fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara mi ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìnlọ, ọkùnrin tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, tó sì nà mí ní pàṣán lọ́jọ́ tí mo yìnbọn lu kùkùté tí mo pè é ní àgbọ̀nrín. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sì parọ́ rí, àfi tó bá ń ka iye ẹran tó pa.

Ọdẹ́rìnlọ ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì dùn, kò sì sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ń sun ìjálá, àwọn ọdẹ a gbàgbé ẹran tí wọ́n ń yan títí yóò fi jóná. Ìgbéraga pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga ẹni tó ṣe nǹkan ni, kì í ṣe ti ẹni tó jogún fìlà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jẹun tán, ó gbé omi sẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ Ìyádùnní jókòó níwájú rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn lọ́rùn.

“Bàbá Ọ̀kẹ́,” ó ní, “ẹ tún mu omi náà kí n rí i.”

Ó tún mu ún. Nǹkan kan tó tó ẹyin ẹyẹlé gòkè lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, ó sì tún sọ̀kalẹ̀ bí omi ṣe ń lọ.

“Kò dùn mí,” Ọdẹ́rìnlọ wí.

“Mi ò bi yín bóyá ó dùn yín. Mo ní ó wà níbẹ̀.”

Ìyádùnní kò jẹ́ kí ó sinmi títí ó fi lọ bá dókítà tó máa ń wá sí abúlé wọn lọ́jọ́ ọjà. Dókítà fi ìka méjì tẹ kókó náà lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó ní, “Bàbá, ọ̀pọ̀ nínú irú kókó báyìí kì í ṣe nǹkan kan. Àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n ń pa èèyàn. Ìka mi kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ó lọ sí Ìlú Ojú-Abẹ́rẹ́, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi dígí wọn tó ń sọ eruku di òkè wò ó. Ọjọ́ kẹsàn-án òní ni wọ́n ń retí yín.” Ó kọ ìwé lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ pọ̀. Ṣùgbọ́n “ń pa èèyàn” nìkan ni Ọdẹ́rìnlọ gbé délé. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti kúrò lọ́rùn mọ́. Bó bá ń la igi, yóò dúró, yóò fọwọ́ kàn án. Bí èèyàn bá ń kí i, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò fi dáhùn, tòsì yóò wà lọ́rùn. Oúnjẹ kò wọlé. Ọkùnrin tí kì í fi ẹran sílẹ̀ nínú àwo wá ń fi í sílẹ̀ fún adìẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó gbèrò kan tí ọdẹ nìkan lè gbà, ọdẹ agbéraga sì ni pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ kò tíì mọ̀, bí ọdẹ bá kú, àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ a pé jọ, a kó ìbọn rẹ̀ àti àpò rẹ̀ jáde, a sun ìrèmọ̀jé fún un, tí í ṣe orin ìdágbére ọdẹ, a sì yọ ọ́ kúrò láàárín wa kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà tún máa tẹ̀ lé wa lọ sígbó. Ìṣípà là ń pè é. Òkú là ń ṣe é fún. Kò tíì sí ẹni tó ṣe é fún ara rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìnlọ jókòó, ó ronú pé: bí mo bá kú, ta ni yóò sun ìrèmọ̀jé mi? Ṣé Ògúnjìnmí ni, tí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi àdá ha ìdí ìkòkò? Ọrùn sì ni ohùn wà. Bí abẹ́rẹ́ náà bá wọ ọrùn òun tó mú ohùn lọ ńkọ́? Ó ní ó sàn kí òun fi ohùn òun ṣe é nígbà tí ohùn ṣì wà.

Ó pa òbúkọ, ó ránṣẹ́ pe gbogbo ọdẹ. Nígbà tí ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, Olúọ́dẹ, baba wa tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ nígbà náà, mi orí.

“Ọdẹ́rìnlọ, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Wọn ò tíì sọ fún ọ pé o ń kú.”

“Baba, mo ti mọ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ara mi ni.”

Olúọ́dẹ wo òbúkọ tó ti wà lórí iná, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán, ó sì lọ jókòó ti iná. Àwa ọdẹ kì í bá ẹran jíjinná jiyàn.

Ọdẹ́rìnlọ dìde, ó sun ìrèmọ̀jé ara rẹ̀ láti ọ̀sán títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ó ki ara rẹ̀, ó sunkún ara rẹ̀, ó dá gbére fún igbó, fún odò, fún ọ̀nà oko. Àwọn ọdẹ sunkún títí omi ojú ń kán sínú ẹ̀kọ wọn. Ó sọ fún mi pé kò sí ọjọ́ tí ohùn òun dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, àti pé ẹ̀dùn ọkàn òun kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà ni pé òun kò ní sí nílé láti gbọ́ bí àwọn èèyàn yóò ṣe máa ròyìn rẹ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀ fún Ògúnjìnmí, ó fa ajá rẹ̀ lé Olúọ́dẹ lọ́wọ́.

Ìyádùnní nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Ó jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n ní kí ó wá ṣe opó, ó ní, “Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tí mo bu oúnjẹ fún láàárọ̀, èmi ò lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án.”

Ní ọjọ́ kejì, Ọdẹ́rìnlọ mú àdá àti ìwé dókítà, ó kọrí sí Igbó Má-Wẹ̀yìn, tí ó wà láàárín ilé wa àti Ìlú Ojú-Abẹ́rẹ́. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọjá ọjà Ọ̀sán rí, ẹ máa gbọ́ ohun tó wà níwájú.

Ní ẹnu igbó náà ni ìwin kan jókòó sí, ó ga bí ọ̀pẹ, ó sì ní imú mẹ́ta: ọ̀kan fún òórùn àná, ọ̀kan fún ti òní, ìkẹta fún ti ọ̀la, ṣùgbọ́n ti ọ̀la ti di pa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Òfin rẹ̀ ni pé alààyè tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ bá a jìjàkadì. Ọdẹ́rìnlọ ti mọ̀ ọ́n ní òkìkí, ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wá a. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó tutọ́ sọ́wọ́.

“Ó yá, dìde,” ó ní. “Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni mo dé.”

Ìwin náà fi imú àárín fín in, ó sì tún jókòó padà. “Ẹ máa kọjá, bàbá. A gbọ́ ìrèmọ̀jé yín láti ibí. Ó dùn púpọ̀. Ìyàwó mi sunkún.”

Inú Ọdẹ́rìnlọ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà yé e. “Kí lò ń sọ? Alààyè ni mí!”

“Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn yín.”

Ọdẹ́rìnlọ bojú wẹ̀yìn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, amọ̀ ọ̀nà sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Ipasẹ̀ ẹtu wà níbẹ̀, ti ọ̀yà wà níbẹ̀, títí kan ti àwọn èèrà tó gbé ẹrù kọjá. Kò sí tirẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún tọ ipasẹ̀ ẹran kò ní ipasẹ̀ kankan mọ́. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gìdìgìdì, ilẹ̀ kò dáhùn. Ó wọ igbó náà lọ pẹ̀lú ẹ̀rù tí kò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ó rìn títí ó fi dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bóyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ṣe rí fún yín. Obìnrin kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu odi, ó fi aṣọ di ẹsẹ̀, ó ń tiro. Nígbà tí ó bi í ohun tó ṣe é, ó ní òun lè ṣubú lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkùnrin kan ṣí agboòrùn sórí nínú yàrá. Ẹnikẹ́ni kò jẹun yó, nítorí pé ọ̀la lè má sí oúnjẹ, oúnjẹ tòní sì ń bà jẹ́ níwájú wọn. Ọba wọn kì í jókòó dáadáa lórí ìtẹ́, etí ìtẹ́ náà ló máa ń rọra bà lé, kí ìtẹ́ má baà wó. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Rọra o, ìwọ tí o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù yẹn. Mo rí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí ọmọ rẹ pẹ́ ní oko, o ti fẹ́ máa wá pósí.

Nígbà tí Ọba Bóyá gbọ́ ohun tí Ọdẹ́rìnlọ ṣe, ó dìde fún un.

“Àwa máa ń ṣọ̀fọ̀ kékeré kékeré níbí,” ó ní. “Ẹnìkan nínú wa kò tíì ṣe òkú ara rẹ̀ dé òpin. Ìwọ jù wá lọ. Wá joyè Aṣíwájú Bóyá. A ó fún ọ ní ilé, o kò sì ní dé ibi abẹ́rẹ́ kankan. Nígbà tí o kò bá dé ibẹ̀, wọn kò lè sọ fún ọ pé burúkú ni.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi kò ní tan yín: ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ṣì ń pe ẹni tó kú tán ní Aṣíwájú! Ọ̀gá mi fẹ́ràn oyè. Wọ́n ti ń wọn fìlà mọ́ ọn lórí, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nígbà tí ó rí arúgbó ọdẹ kan nítòsí ààfin, tó dojú ìbọn kọ igbó kékeré kan. Igbó náà ń mì. Eruku ti bo ìbọn, irùngbọ̀n arúgbó náà sì ti gùn dé orúnkún.

Ọdẹ́rìnlọ lọ bá a, fìlà wà lórí rẹ̀ ní apá kan. “Ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló wà nínú igbó yẹn?”

“Bóyá àmọ̀tẹ́kùn ni. Bóyá òjòlá ni. Lọ́jọ́ kan mo rò pé ìyá mi ni.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti ń wò ó?”

“Irùngbọ̀n mi ṣì dúdú nígbà náà.”

“Kí ló dé tí ẹ kò lọ ya ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ wò ó?”

Arúgbó náà wò ó bí ẹni pé ó bú u. “Bí mo bá wò ó,” ó ní, “yóò di nǹkan kan ṣoṣo.”

Inú bí Ọdẹ́rìnlọ. Ó sọ fún mi pé ara òun gbóná bí ìgbà tí mo pe kùkùté ní àgbọ̀nrín. Ohun àkọ́kọ́ tí à ń kọ́ ọmọ ọdẹ ni pé a kì í dojú ìbọn kọ ewé tó ń mì. Ojú ẹran là ń wá, nítorí ewé kò ní ọ̀nà ọ̀fun tí a lè gé. Agbalagbà wá jókòó ti ewé títí ó fi hu irùngbọ̀n dé orúnkún! Ó fẹ́ bú u, bí ó sì ṣe la ẹnu ni ó rí i pé ọwọ́ òsì òun wà lọ́rùn òun, lórí kókó náà. Ó ṣí fìlà oyè, ó gbé e ka orí ìbọn arúgbó náà, ó fa àdá yọ, ó sì wọ inú igbó náà.

Ìmàdò ni. Akọ ìmàdò, ó tó ilẹ̀kùn, eyín rẹ̀ yọ síta bí ẹ̀gún. Ó yọ sí i lójijì, ó fi eyín la itan rẹ̀ kí ó tó gbé ọwọ́. Wọ́n yí lọ, wọ́n yí bọ̀. Ọdẹ́rìnlọ rí ibi tí ọrùn ẹran náà wà, àdá sì bọ́ síbẹ̀.

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Ìmàdò lásán! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìmàdò lásán!”

“Kò sí lásán níbẹ̀,” Ọdẹ́rìnlọ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ìmàdò ti pa ọdẹ tó sàn ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ṣùgbọ́n ìmàdò ni, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìmàdò.” Ó fi itan ọ̀tún ẹran náà lé arúgbó náà lọ́wọ́, ó ní kí ó lọ sè é. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Ọ̀gá mi kò rò ó lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo itan ara rẹ̀, ibi tí eyín ti là á ṣí sílẹ̀ bí ẹnu, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Kò dùn ún pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tó sọ nílé ti di òótọ́ lára rẹ̀. Ó fi ìlú Bóyá sílẹ̀ kíákíá.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án ló dé ẹnu ibodè Ìlú Ojú-Abẹ́rẹ́. Ìyá àgbà kékeré kan ń gbálẹ̀ níwájú ẹnu-ọ̀nà. Ọdẹ́rìnlọ na ìwé dókítà sí i. Ìyá náà kò gba ìwé, itan rẹ̀ ló ń wò.

“Ọmọ mi, a kì í gún òkú lábẹ́rẹ́ níbí. Abẹ́rẹ́ wa ń béèrè ọ̀rọ̀, òkú kò sì ní èsì.”

“Ìyá, alààyè ni mí.”

“Mà á mọ̀. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

Ọdẹ́rìnlọ fi ọwọ́ lu àyà. “Èmi? Ọdẹ́rìnlọ tó bá ìmàdò yí nílẹ̀ láìní ìbọn? Ẹ̀rù kì í bà mí.”

Ìyá náà ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kò mira.

Ó tún wá síwájú, ó ka ẹran tó ti pa láti ìgbà èwe rẹ̀, ó fi díẹ̀ kún un, ó sun ìjálá lé e. Ìyá náà dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó gbọn ìgbálẹ̀ rẹ̀. “Ohùn rẹ dára. Àwọn òkú tó ń gba ibí kọjá náà kì í bẹ̀rù. Akíkanjú ni gbogbo wọn. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

Ọdẹ́rìnlọ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ọdẹ kankan nítòsí tó ń wò ó, kò sí òbúkọ lórí iná. Ó rò ó wò. Ó ti ń rò pé akin ló mú òun sun ìrèmọ̀jé ara òun. Ó wá mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ti sàn fún un láti kú tán nínú ọkàn ara rẹ̀ ju kí ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jókòó láìmọ̀. Ìtìjú bò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe irú èyí tó sun láàárín àwọn ọdẹ, nítorí èyí kò ní orin nínú.

“Ìyá,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ga, “ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ rí ohun burúkú nínú ọrùn mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí ohùn mi má lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí Ìyádùnní má lọ máa dá jẹun.”

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni itan rẹ̀ ta á bí iná. Ó kígbe, “Yéè!” Ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná, ń ṣàn lọ dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ipasẹ̀ rẹ̀ sì yọ gbàǹgbà lórí ilẹ̀ tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ọ̀gá mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tiro káàkiri, ó ń tẹ ipasẹ̀ síbí tẹ ipasẹ̀ sọ́hùn-ún.

“Ó tó,” ìyá náà wí. “O ti ba ilẹ̀ mi jẹ́. Jẹ́ kí n di ẹsẹ̀ yẹn, kí o wọlé. Alààyè nìkan ni ẹ̀rù ń bà.”

Wọ́n mú un wọ yàrá kan tó funfun. Obìnrin kan tí kò tíì tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí ló wà níbẹ̀, òun sì ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dá a dùbúlẹ̀, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká rẹ̀ kí ọrùn lè nà.

“Ẹ kú ìrìn, bàbá. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, ẹ má mira, ẹ má gbé itọ́ mì, ẹ má sì sọ̀rọ̀.”

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní kí Ọdẹ́rìnlọ má sọ̀rọ̀. Àwọn ìwin Igbó Má-Wẹ̀yìn kò tíì dá irú ìyẹn láṣà fún un rí. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dẹ ègùn, tí ẹ máa ń jókòó sórí igi dúró de ẹran, ẹ mọ̀ pé èèrà lè rìn wọ inú etí yín, ẹ kò sì ní mira. Ọdẹ́rìnlọ ṣe bí ó ti máa ń ṣe lórí ègùn. Ó fún etí rẹ̀ níṣẹ́. Kò bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n máa rí. Ó ń dárúkọ ohun tó ń gbọ́ nìkan. Àkùkọ kan ń kọ. Ẹnìkan ń da omi sínú agbada. Ìgbálẹ̀ ń lọ níta, ìyá náà ń pa ipasẹ̀ òun rẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, ó ta bí ìjàlọ, ó sì ń fún ọrùn mọ́ra. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ojú ẹpọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ṣe ń ṣe é, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Itọ́ kún ẹnu Ọdẹ́rìnlọ, kò gbé e mì. Ọ̀rọ̀ kún un ju itọ́ lọ, kò sọ ọ́.

“Ó ti tán, bàbá.”

“Ó ti tán?” Ọdẹ́rìnlọ jókòó. “Èyí náà ni? Mo pa odindi òbúkọ nítorí èyí!”

“A ó ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ keje.”

“Ọjọ́ keje?” Ọwọ́ òsì rẹ̀ tún fẹ́ máa lọ sọ́rùn. “Kí ni kí n máa ṣe títí di ọjọ́ keje?”

“Ẹ̀yin lọdẹ. Bí ẹ bá dẹ tàkúté, kí lẹ máa ń ṣe kí ẹ tó lọ wò ó?”

“Mà á lọ sílé. Mà á jẹun. Mà á kọ ebè.” Ó sọ ọwọ́ òsì rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹni tó bá jókòó ti tàkúté, òórùn rẹ̀ ni yóò lé ẹran lọ.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó ń bọ̀, ìwin onímú-mẹ́ta fín in, ó fò dìde, ó ní kò sí ọ̀fẹ́ lónìí. Wọ́n jìjàkadì títí ewé fi bọ́ lára igi. Ìwin dá Ọdẹ́rìnlọ lẹ́ẹ̀mejì, Ọdẹ́rìnlọ dá ìwin lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá mi sì máa ń ní ọ̀mì ni. Èmi kò bá a jiyàn.

Ó wọ abúlé, ó gba ilé Ògúnjìnmí lọ tààrà. Ó bá a níbi tó ti ń fi ohùn rẹ̀ tó dà bí àdá kọ́ ìrèmọ̀jé Ọdẹ́rìnlọ. “Dákẹ́ ná,” ó ní, “gbé ìbọn mi wá.” Ó gba ajá rẹ̀ lọ́wọ́ Olúọ́dẹ. Ó kó gbogbo ọdẹ jọ, ó sì sọ níwájú wọn pé ìrèmọ̀jé tí òun sun kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ títí òun yóò fi kú ikú tòótọ́. Wọ́n bi í bóyá kí wọ́n fi orúkọ ìmàdò kún oríkì rẹ̀. Ó ní rárá, ìmàdò pọ̀ lóríkì òun. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Abẹ̀rù-má-sá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n, orí rẹ̀ sì wà lókè ju bí wọ́n ṣe rí i rí lọ.

Ìyádùnní ti bu ẹ̀wà sílẹ̀. Ó wo aṣọ tí wọ́n fi di itan rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀, ó ní, “Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọn ò tíì sọ. Ó di ọjọ́ keje.” Ó jókòó. “Ìyádùnní, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ó ń ba èmi náà,” ó ní. “Mo ti ń dúró de kí ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹun.” Ó sì jẹ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún adìẹ.

Ọjọ́ keje pé, ońṣẹ́ Ìlú Ojú-Abẹ́rẹ́ bá Ọdẹ́rìnlọ lóko níbi tó ti ń kọ ebè. Ìyádùnní ń ju èbù iṣu sínú èyí tó ti kọ. Ońṣẹ́ la ẹnu, Ọdẹ́rìnlọ gbé ọwọ́ sókè. Ó kọ ebè tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó fi ọkọ́ ṣe orí rẹ̀ dáadáa, ó fọ ọwọ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

“Ó yá,” ó ní, “sọ ọ́ bó ṣe rí.”

Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi máa ń dúró sí ní gbogbo ìgbà tó bá sọ ìtàn yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni ońṣẹ́ wá sọ, yóò ṣí fìlà, yóò fi orí rẹ̀ tó ti wá funfun bí òwú lẹ́yìn ọjọ́ náà hàn án, yóò sì ní kí ó bu ẹmu sí i fún òun. Èmi náà ti sọ tèmi dé ibi tí wọ́n bá mi sọ ọ́ dé. Ìwọ tí o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ta igbá ẹmu yẹn síbí.